Tí àrùn bá tún gba ìlú: bí ọnọrébù ìpínlẹ̀ ṣe máa ṣọ́ owó ìlú láì gbàgbé ẹkùn ẹ̀

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ konílé-ó-gbélé ní 2020, mò ń bá ọnọrébù kan ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, èmi ni fóònù ẹkùn ìdìbò ẹ̀ máa ń wà lọ́wọ́ mi. Láago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kan ìyá kan pè, àkàrà ló ń dín lójú títì, kò tiẹ̀ dárúkọ Kòrónà rárá, ohun tó bi mí ni pé ẹ̀wà tó kù sílé òun, ṣé kóun sè é fáwọn ọmọ jẹ ni àbí kóun tọ́jú ẹ̀ dọjọ́ tí wọ́n máa ṣí ìlú, torí tóun bá sè é, owó òwò òun náà nìyẹn, ó parí. Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un. Mo kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé, mo ní a máa pè yín padà mà.

Kílẹ̀ tó ṣú, orúkọ ti kún ojú ìwé mẹ́rin. Bí gbogbo wa ṣe dojú kọ wíwá ìrẹsì nìyẹn, ọ̀gá mi fowó ara ẹ̀ ra díẹ̀, a tọrọ díẹ̀, a pín in, kò kárí, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi sáré ẹ̀. Àṣé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn làwọn tó ń rí sí ètò ìṣúná ti jókòó, wọ́n ti ń gé bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yẹn. Nígbà tí ìwé ẹ̀ máa fi dé iwájú ilé, kànga ẹ̀rọ tí a ti fi ọdún méjì bẹ̀bẹ̀ fún ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́kùn wa ti kúrò nínú ẹ̀. Ìlú tí wọ́n ń sọ fún pé kó máa fọwọ́ o, wọ́n yọ omi ẹ̀. Ọ̀gá mi fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ wa tó lè fi jà.

Ohun tó yẹ ká ti mọ̀ ṣáájú ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí, fáwọn tó fẹ́ gbégbá ìbò ilé aṣòfin ní 2027, fáwọn tó máa bá wọn ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, àti fún ẹ̀yin tí ẹ máa dìbò, kí ẹ lè mọ nǹkan tó yẹ kí ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ wọn yàtọ̀ sí ìrẹsì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ owó tó ń wọlé

Ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù ní Nàìjíríà, owó tí wọ́n ń pín l'Ábújá lóṣooṣù ni wọ́n gbójú lé. Nínú àpò àjọní yẹn, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68%, ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì ń pín 26.72%, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń pín 20.60%, VAT, ìyẹn owó orí ọjà, ní ìlànà tiẹ̀ lọ́tọ̀. Púpọ̀ nínú owó yẹn, epo rọ̀bì ló ń gbé e wá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì 2020, dọ́là 57 ni wọ́n fi ṣírò àgbá epo kan, àrùn dé, ọkọ̀ òfurufú dúró, ilé iṣẹ́ tì káàkiri ayé, ìgbà tí wọ́n máa fi tún bọ́jẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe, dọ́là 28 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ wá wo owó tí ìpínlẹ̀ ń pa lábẹ́lé, owó orí, owó ìwé ilẹ̀, owó ọjà, owó gáréèjì, owó òtẹ́ẹ̀lì: ọjà tì, gáréèjì tì, òtẹ́ẹ̀lì ò rí àlejò, owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́ nìkan ló ṣì ń wọlé déédéé díẹ̀. Apá ọ̀tún gbẹ, apá òsì gbẹ, ìgbà yẹn gan-an ni ilé ìwòsàn ń bèèrè ìbọ̀wọ́, ìbòmú, ọ́síjìn, àti ibi tí wọ́n máa dá aláìsàn sí lọ́tọ̀.

Èkó tó ń pa owó fúnra ẹ̀ ju ìpínlẹ̀ yòókù lọ náà gé bọ́jẹ́ẹ̀tì 2020 ẹ̀ láti nǹkan bíi tírílíọ̀nù 1.168 náírà wá sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 920.5. Ọ̀yọ́ sọ tiẹ̀ kalẹ̀ láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 213 sí 174. Tí ẹ bá jẹ́ ọnọrébù tí ẹ gbọ́ irú iye báyìí, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín ni pé nínú èyí tí wọ́n gé yìí, èwo ni tẹkùn wa?

Inú ìwé nìkan ni ẹ ti lè rí ìdáhùn ẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti ka ìwé yẹn kí wàhálà tó dé. Ìparí February 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà ní Nàìjíríà, alẹ́ ọjọ́ 30 March ni konílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó àti l'Ábújá. Oṣù kan gbáko ló wà láàárín méjèèjì, oṣù yẹn ló yẹ kí á fi kàwé. Ẹ wá bọ́jẹ́ẹ̀tì tí gómìnà ti buwọ́ lù, kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ tó kà lọ́jọ́ tó gbé e wá síwájú ilé rọ́pò ẹ̀ o, ẹ wá ìròyìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tó ń sọ iye tó ti jáde lóòótọ́, kí ẹ sì wá ìwé gbèsè. Ó ti rọrùn ju tàtijọ́ lọ torí ètò kan tí wọ́n ń pè ní SFTAS tí Báńkì Àgbáyé gbé mílíọ̀nù 750 dọ́là kalẹ̀ fún, nígbà yẹn, ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ rí mú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kódà ní 2020 wọ́n ní kí kálukú gbé èyí tó tún ṣe nítorí Kòrónà síta kí July tó parí.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ra nótùbúùkù ńlá kan, ẹ fa ìlà sí i, kí ojú ìwé pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Ọ̀nà àkọ́kọ́, orúkọ iṣẹ́ tó kan ẹkùn yín àti kóòdù ẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ìkejì, iye tí wọ́n kọ fún un. Ìkẹta, iye tó ti jáde. Ìkẹrin, ohun tí ojú yín rí nígbà tí ẹ fẹsẹ̀ ara yín débẹ̀. Ìkẹrin yìí lọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ, òun ló sì ṣe pàtàkì jù, torí a rí ọ̀kan tó jẹ́ pé nínú ìwé owó ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán, a débẹ̀, òkìtì yanrìn tí koríko ti hù bò la bá. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ "káàkiri ìpínlẹ̀" sí láì dárúkọ ìlú kankan, ẹ fi yẹ́lò màkà kùn ún, kí ẹ kọ lẹ́tà sí kọmíṣánnà pé ìlú wo àti ìlú wo ló wà nínú ẹ̀, kọ́pì kan fún akọ̀wé ilé, kọ́pì kan kó wà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú ìbùwọ́lù ẹni tó gbà á.

Nígbà tí bọ́jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé bá dé

Ìwé òfin 1999 ò fi ọ̀rọ̀ yìí sínú òkùnkùn. Abala 120 àti 121 ní owó ò gbọdọ̀ kúrò nínú àpò ìpínlẹ̀ àfi tí ilé aṣòfin bá fọwọ́ sí i, abala 122 fún gómìnà ní oṣù díẹ̀ péré tó lè fi ná owó bí ọdún bá bẹ̀rẹ̀ tí bọ́jẹ́ẹ̀tì ò tíì jáde, abala 123 sì fàyè gba àpò pàjáwìrì fún nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá mú níbẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ padà wá síwájú ilé láti fi rọ́pò ẹ̀. Nítorí náà agbára wà lọ́wọ́ ọnọrébù, kánjúkánjú ló máa ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n á ní pàjáwìrì ni, kí ẹ ka bíìlì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta kílẹ̀ tó ṣú.

Èmi ò lòdì sí yíyára o, èèyàn ń kú, ilé aṣòfin Èkó náà sáré ṣòfin pàjáwìrì lórí Kòrónà ní March 2020, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá máa sáré, ẹ jẹ́ kí nǹkan mẹ́ta wọ inú òfin yẹn kí ẹ tó pariwo "bẹ́ẹ̀ ni": iye tí ò gbọdọ̀ kọjá, ọjọ́ tí àṣẹ yẹn máa kú fúnra ẹ̀, àti ọjọ́ tí kọmíṣánnà máa padà wá ka ìnáwó jáde, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo rò pé ó dáa. Tí mẹ́ta yìí ò bá sí níbẹ̀, àṣẹ tí ẹ fún wọn lọ́jọ́ kan máa wà títí àrùn á fi lọ, kò ní sẹ́ni tó máa rántí gbà á padà.

Ohun tó dùn mí jù nípa 2020 ni bí wọ́n ṣe máa ń fi ọ̀bẹ kan náà gé gbogbo nǹkan. Ká ní wọ́n ní kí gbogbo ẹ̀ka gé ìdá márùn-ún ẹ̀ kan, ọ́fíìsì tó fẹ́ ra mọ́tò ò ní ra ọ̀kan, kò sẹ́ni tó máa kú, ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n bá yọ ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀ lè má rí dísùn bu sínú jẹnẹrétọ̀ tó ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́, àwọn ọmọdé ò sì yéé ní àrùn éèyi torí pé Kòrónà dé, aláboyún ò yéé rọbí. Kí ẹ tó wọ ìjókòó kọ̀mítì, ẹ kọ ohun tí wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: àjẹsára, ilé ìgbẹ̀bí, omi, owó fẹ̀yìntì, owó ewu àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà. Ṣebí ìyẹn náà wà lára ohun tó mú NARD, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ sí i ní ilé ìwòsàn ìjọba, yanṣẹ́ lódì ní June 2020 nígbà tí àrùn ń gbóná lọ́wọ́. Ẹ wá kọ ohun tó lè dúró: ìrìn àjò, ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, àga ọ́fíìsì, mọ́tò tuntun, ayẹyẹ, ilé tí wọn ò tíì fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ti ṣe dé ibi tó kù díẹ̀, ẹ ṣírò ẹ̀ dáadáa kí ẹ tó dá a dúró, torí òjò ọdún méjì lè wọ́ gbogbo ẹ̀ lọ tí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá sì fẹ́ kí wọ́n dá owó kan padà, ẹ mú ibi tí wọ́n máa ti yọ ọ́ dání. Èyí la ò mọ̀. Ọ̀gá mi dìde ní kí wọ́n dá kànga yẹn padà, ẹni tó ń dáhùn ní ọnọrébù sà, owó ò sí, ọ̀rọ̀ parí. Ká ní a ti ka ìwé yẹn ni, à bá fi hàn án pé ní ojú ìwé báyìí, owó ìpàdé àti tíì wà tó tó kànga mẹ́ta, ní ọdún tí ìpàdé gan-an ti dèèwọ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ wo ojú ìwé ilé aṣòfin fúnra ẹ̀ náà, owó ìrìn àjò tiyín, torí tí ẹ ò bá gé tiyín ẹ ò lẹ́nu láti sọ tẹlòmíì.

Owó ìrànwọ́ ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ fún Èkó ní bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ní 2020 láti fi kojú àrùn, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kó ara wọn jọ sí CACOVID, àwọn olówó náà fún ìpínlẹ̀ wọn ní owó, bẹ́ẹ̀dì, oúnjẹ. Ẹ bèèrè pé ojú ìwé wo ló wà. Ọrẹ tí ò bá wọ inú ìwé ò ní sẹ́ni tó máa lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la. Tó bá jẹ́ pé owó yíyá ni, ẹ bèèrè èlé, ọdún tí wọ́n máa fi san án, àti oṣù tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lára owó tó ń bọ̀ láti Àbújá.

Oúnjẹ ìrànwọ́

Kò sí bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ebi kì í dúró de òfin. Àmọ́ ẹ ṣírò kí ẹ tó ṣèlérí. Ìpele àkọ́kọ́ tí Èkó kéde ní March 2020, ojúlé 200,000 ni, tí ẹ bá pín in dọ́gba sí ẹkùn 40 tó wà nílé aṣòfin Èkó, ojúlé 5,000 ló máa kan ẹkùn kan, ẹ̀yin náà ẹ ka ojúlé tó wà ní àdúgbò kan ṣoṣo ní Mushin tàbí Ajégúnlẹ̀ kí ẹ wò ó. Tí ẹ bá mọ èyí látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní dìde lórí rédíò sọ pé ó máa kárí gbogbo ilé. Ẹ máa sọ àwọn tó kọ́kọ́ kàn àti ìdí tó fi jẹ́ àwọn.

Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ni ìwé orúkọ máa wà. Ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ẹ wá èèyàn márùn-ún tí ò fẹ́ràn ara wọn jù: ìyálọ́jà, ẹnì kan látọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ onílé, ẹnì kan láti mọ́ṣáláṣí, ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, àti nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà tó mọ ilé àwọn èèyàn. Kí kálukú kọ tiẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ wá fi wọ́n wé ara wọn. Orúkọ tó bá wà nínú mẹ́ta lókè nínú márùn-ún, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ ara yín wá àwọn tí ò lẹ́ni, opó tó ń gbé lẹ́yìnkùlé, afọ́jú, àwọn Hausa tó ń rọ omi tà, àwọn Ẹ̀gùn tó ń pẹja, àwọn ayálégbé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, torí kò sẹ́ni tó máa rántí wọn.

Kẹ́rù tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, ẹ tú àpò díẹ̀ wò. Ní April 2020 ìjọba Ọ̀yọ́ dá àpò ìrẹsì 1,800 tó wá látọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ padà, wọ́n ní kòkòrò ti wà nínú ẹ̀. Kí ọnọrébù tó wà nínú kọ̀mítì ìlera tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀ sì máa bẹ ilé ìkẹ́rùsí wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó ka ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ohun tó kù, kó sọ ọ́ lórí rédíò. Ẹ rántí October 2020, lákòókò EndSARS, àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí ní Maza-Maza l'Ékòó, wọ́n já ti Ẹdẹ l'Ọ́ṣun, oúnjẹ tó jẹ́ ti CACOVID ni wọ́n bá ńbẹ̀. Àwọn gómìnà ṣàlàyé pé wọn ò tíì pín in tán ni, àti pé àwọn kan ń tọ́jú díẹ̀ de ìgbà tí àrùn bá tún gbóná. Mo gbọ́ àlàyé yẹn. Àmọ́ ká ní ọnọrébù kan ti dúró síwájú ilé ìkẹ́rùsí yẹn ní August tó sọ iye tó wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n máa pín in, ṣé ìlú á gbà pé wọ́n kó o pamọ́ ni?

Fóònù ẹkùn

Ẹ fi nọ́ńbà kan ṣoṣo síta, kó jẹ́ èyí tí ò ní kú, kí ẹni méjì máa gbé e ní ìpín-ìpín. Gbogbo ìpè ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, wọ́ọ̀dù, ohun tó fẹ́, ta ló ni iṣẹ́ yẹn, ọjọ́ tí ẹ pè é padà. Ibi tí wọ́n kọ ta ló ni iṣẹ́ yẹn sí máa gbà yín lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀, torí iná mànàmáná tó lọ, ilé iṣẹ́ tó ń pín in ló ni ín, pàǹtírí àti ọjà àdúgbò ti ìjọba ìbílẹ̀ ni, ọlọ́pàá tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà, ti Àbújá ni, ẹ̀yin á kàn kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wọn ní ìpínlẹ̀ kí ẹ sì bi í léèrè lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tí ò ní fóònù, ẹ lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí kẹ̀kẹ́, ẹ lo rédíò, kó jẹ́ èdè tí àdúgbò yẹn ń sọ. Lálẹ́ ọjọ́ Friday, ẹ ka ìwé yẹn. Tí ohun kan náà bá ti jáde láti wọ́ọ̀dù mẹ́ta, ẹ kúrò lórí fóònù, ẹ sọ ọ́ di mọ́ṣàn níwájú ilé.

Ọjọ́ kọkànlá la tó pe ìyá alákàrà padà. Ó ti se ẹ̀wà yẹn. Nígbà tí mo wá jókòó ka bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yẹn lẹ́yìn náà, mo rí i pé owó kan wà níbẹ̀ fún ẹ̀yáwó àwọn oníṣòwò kéékèèké, tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn rárá, tí ọnọrébù kankan ò sì bèèrè ẹ̀, títí kan tiwa. Ẹ wá a o, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ìpínlẹ̀ tí irú ẹ̀ ò sí, orúkọ tí wọ́n ń kọ ọ́ sí ló máa ń yàtọ̀. Àwọn tó ń jẹun láti inú ohun tí wọ́n tà lónìí, owó kékeré tó bá dé ọwọ́ wọn lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣí ìlú ló máa gbé wọn dìde.

Lẹ́yìn tí àrùn bá lọ

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ọnọrébù máa ń ti sùn, torí ìbò tó ń bọ̀ ló ti gba ọkàn wọn. Abala 125 ní kí Ọ́dítọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ gbé ìròyìn ẹ̀ wá síwájú ilé láàárín ọjọ́ 90 tí ìwé ìṣirò bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ kọ̀mítì tó ń rí sí ìṣirò owó ìlú. Ẹ bèèrè pé ìròyìn 2020 dà, ọjọ́ wo ni kọ̀mítì jókòó lé e, kí ni wọ́n sọ. Abala 128 fún ilé láṣẹ láti wádìí ìwà ìbàjẹ́ àti ìfowóṣòfò, 129 sì fún wọn láṣẹ láti pe ẹnikẹ́ni àti ìwé èyíkéyìí wá. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọnọrébù náà lè kọ̀wé bèèrè lábẹ́ òfin FOI 2011, òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti sọ ní April 2025 pé òfin yẹn de àwọn ìpínlẹ̀ náà.

Tí ìròyìn ọ́dítọ̀ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ lọ gbé nótùbúùkù tí ẹ fa ìlà sí lọ́jọ́sí. Ẹ fi iye tí wọ́n ní àwọn ná wé ọ̀nà kẹrin, ohun tí ojú yín rí. Ibi tí méjèèjì ò bá ti bára mu, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ débẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ lẹ fọ́tò mọ́ ọn, ẹ gbé e fún alága kọ̀mítì lọ́wọ́, kí ẹ sì ní kó buwọ́ lù ú pé òun gbà á.